Ẹ pè é ní ìmọ́wọ́dí, ẹ fi "ìyísódì àṣà" sílẹ̀

Mo tún ti rí i o. Ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà pé "ìyísódì àṣà" ni habit reversal lédè Yorùbá, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n fi ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ohun tó ti mọ́ ọn lára, bí èékánná jíjẹ, inú bí mi débi pé mo gbé fóònù sílẹ̀ mo jáde síta. Ìyísódì kẹ̀? Gbogbo ẹni tó ka gírámà Yorùbá níléèwé ló mọ ohun tó ń jẹ́ ìyísódì, òun ni "kò", òun ni "kì í", òun ni "má", "mo jẹun" di "mi ò jẹun", ó parí. Àṣà ńkọ́? Ẹ pe àṣà létí èèyàn mẹ́wàá, ìgbéyàwó ni, ìsọmọlórúkọ ni, ìkúnlẹ̀ kí àgbà ni, ìyẹn ló máa sọ sí mẹ́sàn-án nínú wọn lọ́kàn. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé "àṣà burúkú lọmọ yìí ní", mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ so méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ò dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti ń jẹ èékánná láti kékeré, tó ń wá ohun tó máa gbà á, tó bá rí "ìyísódì àṣà", ó máa kọjá ni, kò ní mọ̀ pé oògùn òun ló wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, torí èmi gan-an lẹni yẹn.

Mi ò rántí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní mi ò tíì wọ iléèwé. Ìyá mi fi omi ewúro pa ìka mi, mo lá a tán mo tún jẹ èékánná náà. Wọ́n fi ata rodo ra á, mo fọwọ́ yẹn nu ojú, mo sunkún dalẹ́, nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì ìka ti padà sẹ́nu. Tíṣà kan fi rúlà gbá mi lórí ìka lójú gbogbo kíláàsì. Nígbà tí mo wá dàgbà ó di ìtìjú, tí mo bá ń ka owó fún èèyàn ńṣe ni mo máa ń ká orí ìka wọnú, tí mo bá fẹ́ fọwọ́ tọ́ka sí nǹkan àgbọ̀n ni mo fi ń tọ́ka. Àwọn àgbàlagbà tó bá rí mi á ní kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú, torí lọ́dọ̀ wa ẹni tó ń kábàámọ̀ là ń sọ pé ó fi ìka àbámọ̀ bọnu, bẹ́ẹ̀ sì rèé mi ò kábàámọ̀ nǹkan kan, mo kàn jókòó ni. Ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ló fìyà jẹ mí jù, tí ata bá ti dé ibi tí mo fi eyín bó, á ta mí dé ìgúnpá, tó bá tún yá ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á lọ́yún, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti là á fún mi. Ọdún 36 ni mo fi ṣe é.

Gbogbo àwọn tó fẹ́ràn mi tó fẹ́ kí n jáwọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: mọ́wọ́ kúrò lẹ́nu, mọ́wọ́ dúró! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi "mọ́wọ́ dúró" yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ wá bá a.

Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì l'Amẹ́ríkà, Nathan Azrin àti R. Gregory Nunn, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí èèyàn 12 tí wọ́n fi habit reversal yìí tọ́jú, ẹni tó ń jẹ èékánná wà níbẹ̀, ẹni tó ń mu àtàǹpàkò wà níbẹ̀, ẹni tó ń tu irun ìpéǹpéjú, ẹni tí èjìká ẹ̀ máa ń ta, kódà ẹni tó ń fi ahọ́n ti eyín wà níbẹ̀. Azrin yìí ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ báyìí, nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní ìlú Anna, ní Illinois. Nígbà tó di 1980 wọ́n wá gbájú mọ́ èékánná nìkan, wọ́n gbé ọ̀nà tiwọn kojú ọ̀nà kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ní kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣe bíi pé ó ń jẹ ẹ́ léraléra títí tó máa fi sú u, tiwọn ló ṣiṣẹ́ jù. Ìwé ńlá àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013 ti èékánná jíjẹ sí orí kan náà pẹ̀lú irun títu àti awọ híhọ, ìyàtọ̀ tí wọ́n wá ṣe láàárín wọn níbẹ̀ ò kan ohun tá à ń sọ yìí, mi ò ní fi dà yín láàmú. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi "onychophagia" dẹ́rù bà yín, Gíríìkì ni, kò ju "èékánná jíjẹ" náà lọ, ohun tí ìyá mi ti ń pè é látọjọ́ yìí.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Òpó méjì ló gbé e dúró. Ìkíní ni kéèyàn máa ká ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń lọ. Ìkejì ni kó fún ọwọ́ yẹn níṣẹ́ míì tí kò lè ṣe pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ní kí ará ilé máa yin èèyàn àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n méjì yìí lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo alábàárù lọ́jà Bódìjà. Tórí ẹ̀ bá ṣófo, tó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ pè é ló máa bá lọ, kò ní bi í pé kí ló wà nínú àpò. Ẹ lè dúró tì í kẹ́ ẹ máa pariwo pé má rù ú, má rù ú, á gbọ́ tiyín fúngbà díẹ̀, ẹ kàn ṣíjú báyìí ó ti ru tẹlòmíì. Àmọ́ ẹ gbé àpò ìrẹsì lé e lórí. Kí ẹni tó bá fẹ́ pè é máa pè é, kò lè rù ú, orí kan ló ní, á kọjá lọ ni, ẹni tó ń pè é náà ò sì ní dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ ni alábàárù yẹn. Ẹrù tí Azrin àti Nunn gbé lé e ni pé bó o bá ti rí i pé ọwọ́ ń lọ sẹ́nu, sọ apá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, di ẹ̀ṣẹ́, fún un pinpin, tàbí kó o di nǹkan tó wà nítòsí mú, pẹ́ẹ̀nì, kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ àga, kó o sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko o, kì í ṣe kéèyàn dì í kó tú u. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohun tó ń pe ọwọ́ yẹn á ti rẹlẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá padà sórí orúkọ. Bọ̀dá kan wà tá a jọ máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, wọ́n ní "ìmọ́wọ́dúró" ló yẹ ká pè é. Mo ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn gan-an lohun tí wọ́n fi ọdún 36 sọ fún mi tí ò ṣiṣẹ́! Ọwọ́ tó dúró, ọwọ́ tó ṣófo ni, alábàárù tí ò rí ẹrù rù ni, ìpè kan péré ló kù fún un. Azrin ò sọ pé kọ́wọ́ dúró, ó ní kọ́wọ́ dí. Dúró àti dí, bóyá ẹ máa rò pé ìyàtọ̀ kékeré ni, níbẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, ẹni tó bá sọ "dúró" ti sọ òdìkejì ohun tó fẹ́ ṣàlàyé. Ẹlòmíì ní "ìjáwọ́". Ìjáwọ́ dáa, Yorùbá gidi ni, ṣùgbọ́n ibi téèyàn ń lọ nìyẹn, kì í ṣe mọ́tò tó gbé e lọ, ẹni tó fi àdúrà jáwọ́ jáwọ́, ẹni tó fi ìbẹ̀rù jáwọ́ náà jáwọ́, a ò tíì mọ ohun tó ṣe. Àwọn kan wá ní ká kúkú kọ ọ́ ní "hábíìtì rifásà" ká sinmi. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o, fóònù ni mò ń lò, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀, mo sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, torí nǹkan tójú rí ni wọ́n, ẹ rí i ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ní ìdákẹ́jẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa rán an létí, orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa ṣe fún un. Gẹ̀ẹ́sì yẹn alára ò sọ ọ́. Reversal, kí ló yí padà? Kò sóhun tó yí, ọwọ́ ríṣẹ́ míì ni.

Ẹnìkan tún mú "ìdíwọ́" wá, mo sì ronú sí i dáadáa torí ó kúrú, ó sì ní "dí" àti "ọwọ́" nínú. Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ lohun tí gbogbo èèyàn ń fàárọ̀ gbàdúrà kó kúrò lọ́nà wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, mi ò lè gbé orúkọ ọ̀tá fún oògùn.

Ìmọ́wọ́dí ni mo mú. Mú ọwọ́ dí. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ti wà nílẹ̀ fún wa tipẹ́, kí wọ́n tó bí Azrin lọ́dún 1930 rárá: tí wọ́n bá wá pe èèyàn nílé tó níṣẹ́ tó ń ṣe, kí ló máa sọ? Ọwọ́ mi dí! Kò sọ pé mi ò fẹ́ wá, kò sọ pé mo kórìíra yín, àyè ni ò sí lọ́wọ́. Mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun náà ń jẹ ẹ́ (ó dùn mí nígbà tí mo rí i), mi ò sọ pé mọ́wọ́ kúrò lẹ́nu, mo ní tó bá ti rí i pé ìka fẹ́ wọlé kó di ẹ̀ṣẹ́ kó sọ sínú pé "ọwọ́ mi dí". Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ gbé "ìyísódì àṣà" fún irú ọmọ yẹn kẹ́ ẹ wò ó.

Bọ̀dá mi wá gbé ìbéèrè kan dìde tó lágbára lóòótọ́. Wọ́n ní ẹni tí èjìká ẹ̀ ń ta ńkọ́, ẹni tó ń fahọ́n ti eyín ńkọ́, níbo lọwọ́ wà níbẹ̀? Mo dáhùn pé nígbà tí òǹwàásù bá wà lórí pẹpẹ, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, kí là ń sọ fún ẹni tó wá bi í? Ọwọ́ wọn dí. Ẹni tó ń ṣírò nínú orí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ dí. Nínú èdè wa, ọwọ́ tó wà nínú "ọwọ́ dí" ti kọjá ìka márùn-ún, èjìká lè dí, ahọ́n lè dí, ìmọ́wọ́dí gba gbogbo wọn.

Òpó ìkíní yẹn, kíká ọwọ́ mọ́, àwọn kan ń pè é ní "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀lára". Ẹ gbà mí! Ìfura ni! Ìfura loògùn àgbà, kí la tún ń wá kiri? Iṣẹ́ tó ṣòro jù sì ni, torí ẹni tó ń jẹ èékánná kì í sábà mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, gbogbo ìgbà tí mo bá ká ọwọ́ mọ́ mo máa fa ìlà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìlà 41, inú go-slow ló pọ̀ jù àti ìdí bọ́ọ̀lù. Ohun tí ìlà yẹn fi hàn mí yà mí lẹ́nu: kí ọwọ́ tó dé ẹnu, àtàǹpàkò á ti kọ́kọ́ máa rìn káàkiri etí èékánná tó kù, ó ń wá ibi tó rí ṣákaṣàka, tó bá rí i tán ìka yẹn ló máa wọ ẹnu. Nígbà tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi wíwá kiri yẹn ni mo ti ń di ẹ̀ṣẹ́, mi ò dúró de ẹnu mọ́, mo sì ń gbé irin kékeré tí wọ́n fi ń rẹ́ èékánná sápò, kí àtàǹpàkò má baà rí nǹkan kan he.

Ẹ máa bi mí nípa ọ̀dà kíkorò tí wọ́n ń tà pé kéèyàn kùn ún. Denatonium ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, Scotland ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1958, ó korò ju ewúro lọ fíìfíì. Ó wúlò, mo lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó wúlò dé: ìfura ló ń ṣe fúnni, ó ń jí èèyàn pé ọwọ́ ti dé ẹnu, kò fún ọwọ́ níṣẹ́ kankan. Ìdí tí ewúro ìyá mi ò fi tó nìyẹn, wọ́n fún mi ní ìlàjì.

Èékánná ọwọ́ ń hù tó mìlímítà mẹ́ta lóṣù, ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà kí odindi kan tó hù tán, nítorí náà ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí kó má máa wò ó lójoojúmọ́. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ funfun lọ́sẹ̀ kẹta, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló gbẹ̀yìn, ó ṣì rí gbágungbàgun títí di báyìí. Mo ti lè bu ẹ̀bà gbígbóná bọnú ọbẹ̀ ata.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó san ju ìmọ́wọ́dí lọ kó mú un wá, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kó ṣáà ti rí i pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa gbọ́ ọ kó mọ ohun tó máa fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe.