Kí Ẹ Tó Ka Góòlù Nauru, Ẹ Béèrè Iye Tí Wọ́n Ń Pín

Gbogbo ìgbà tí Ìdíje Commonwealth tàbí Ìdíje Pacific bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nídìí irin gbígbé: báwo ni Nauru, erékùṣù inú òkun Pacific tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 21 lọ, ṣe kó àmì-ẹ̀yẹ 15 ní Ìdíje Commonwealth ti Manchester lọ́dún 2002? Àwọn kan á ti dá ara wọn lóhùn pé oògùn ni. Àwọn mìíràn á pín àmì-ẹ̀yẹ náà sí iye èèyàn ìlú, wọ́n á ní kò sí orílẹ̀-èdè tó tó Nauru lágbára láyé. Mi ò mọ èyí tó ń bí mi nínú jù nínú méjèèjì.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibi irin ni gbogbo ohun tí Nauru ti gbà ní Commonwealth ti wá, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní Auckland lọ́dún 1990. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ni iye àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pín nídìí irin náà. Láti 1990 títí dé 2002, góòlù mẹ́ta ló wà fún ìsọ̀rí ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún snatch (kéèyàn fa irin láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà), ọ̀kan fún clean and jerk (kó gbé e dé èjìká ná, kó tó tì í sókè orí), ọ̀kan fún àpapọ̀ kílò méjèèjì. Láti Melbourne 2006 ni wọ́n ti fi mọ sórí àpapọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká fi Marcus Stephen, agbéirin Nauru tó padà di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2007, ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ní Auckland, ó gba góòlù snatch àti fàdákà méjì. Ní Victoria lọ́dún 1994, góòlù mẹ́ta. Ní Kuala Lumpur lọ́dún 1998, góòlù mẹ́ta. Ní Manchester, fàdákà mẹ́ta. Góòlù 7, fàdákà 5. Tí a bá fi òfin òní kà á, góòlù méjì àti fàdákà méjì péré ló máa kù, bẹ́ẹ̀ kò sí kílò kan tó jábọ́ lára irin tó gbé. Ikọ̀ bọ́ọ̀lù á sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì, odindi ikọ̀ á sì gba góòlù kan. Stephen gbé irin lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ kan, ó kó mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò mọ èyí, kí ló ń wá nídìí tábìlì àmì-ẹ̀yẹ?

Ìdíje Pacific ṣì ń pín mẹ́ta-mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìdíje Áfíríkà ní Accra lọ́dún 2024. Ẹ lè yọ̀ lórí góòlù 47 tí Nàìjíríà kó bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya ti irin sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi wé ti ìdíje mìíràn.

Ọ̀nà ìpín yìí kan ọgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti ń pín mẹ́ta, ẹni tó bá pàdánù snatch lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ṣì lè wá góòlù nínú clean and jerk. Níbi tí àpapọ̀ nìkan bá ti lérè, ó ti tán fún un nìyẹn. Nítorí náà, elére tó ti gbé kílò 120 rí kò gbọdọ̀ fi 118 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti bíi 110 sí 112, iye tó lè gbé bí ara kò bá tilẹ̀ yá a. Aago ìṣẹ́jú kan ló wà fún un láti gbé irin kọ̀ọ̀kan, méjì bó bá jẹ́ òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tán. Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá sì fẹ́ yí iye kílò padà, kó ṣe é kí aago tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ọ̀pọ̀ ìyà tí wọ́n ń pè ní àfọwọ́fà ọ̀tá, ibi aago yìí ló ti ń wá.

Ti pípín sí iye èèyàn ńkọ́? Lónìí, ẹnì kan ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi síwájú nínú ìsọ̀rí kan ní Commonwealth. Íńdíà tó ju bílíọ̀nù kan lọ, ẹnì kan. Nauru, ẹnì kan. Ohun tí Nauru nílò kò sì wọ́n: pákó mítà mẹ́rin níbùú, mẹ́rin lóòró, ọ̀pá irin kílò 20 fún ọkùnrin, 15 fún obìnrin, àwo irin, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tójú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Birmingham 2022, idẹ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, láti ọwọ́ Maximina Uepa, kílò 76 obìnrin. Taiwo Liadi wa ló gba fàdákà níwájú rẹ̀. Ẹ má fi idẹ kan yẹn wé 15 ti 2002.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ta àgbo tẹ́ ẹ ní ó ń mú ara fúyẹ́ kéèyàn tó gun òṣùwọ̀n, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Wákàtí méjì ṣáájú ìdíje ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara, wákàtí kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ti fi ìtọ̀ gbẹ omi ara rẹ̀ kò ní rí àkókò dá a padà. Iṣan á máa fà á, irin á sì já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Glasgow lọ́dún 2014, ọmọbìnrin ọmọ Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 16, gba góòlù kílò 53. Àyẹ̀wò bá amiloride àti hydrochlorothiazide lára rẹ̀, oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni méjèèjì. Wọ́n gba góòlù náà, wọ́n gbé e fún Dika Toua ti Papua New Guinea.

Ẹni tó bá ku gíráàmù 500 kó wọ ìsọ̀rí rẹ̀, kó dín iyọ̀ àti oúnjẹ tó ń kún inú kù láti ọjọ́ méjì ṣáájú, kó sì tún gun òṣùwọ̀n kí wákàtí ìwọnra yẹn tó pé. Bó bá wọlé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni kó mu díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi kílò mẹ́ta kọjá, ìsọ̀rí tó kàn ni kó lọ.