Ẹ má tíì ra bátìrì tuntun fún píkọ́ọ̀pù yẹn

Píkọ́ọ̀pù tó kó iṣu láti Ọmùò wọ Ọjà Ọba l'Adó lánàá láìṣe wàhálà kankan, ilẹ̀ mọ́, dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́-kẹ́-kẹ́ nìkan ló ń dún. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ò kúkú wọ́n l'Ékìtì, ẹni tó bá ti mọ̀ pé mọ́tò òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ á ti páàkì ẹ̀ sí orí òkè látàná, á jẹ́ kó máa yí lọ, á ju gíà kejì sí i, ó jí. Tó bá ti di ọjọ́ kẹta báyìí gbogbo ẹnu tó wà ní gáréèjì ló máa ní bátìrì ti kú, lọ ra òmíràn. Ó rà á, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, tuntun náà tún dákẹ́.

Bátìrì kì í pèsè iná, àmù omi lásán ni, alternator ló ń pọnmi sí i. Sítátà máa ń bu púpọ̀ nínú ẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó jí, tó bá ti jí, alternator tí fánbẹ́ẹ̀tì ń yí á gba iṣẹ́, òun ló ń gbé fìtílà, wáípà, rédíò àti fáànù, òun náà ló ń dá èyí tí sítátà bù padà sínú àmù. Bó ṣe ń ṣe é ni pé bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré méjì ń gbé iná díẹ̀ fún irin tó ń yí nínú ẹ̀, irin yẹn á di mágínẹ́ẹ̀tì, wáyà kọ́pà tó yí i ká á wá máa mú iná jáde. Àmọ́ irú iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀ (AC) ni, bátìrì ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, diode ló máa sọ ọ́ di irú tó lè gbà, regulator á sì máa ṣọ́ ọ kó má pọ̀ jù. Ọ̀kan péré nínú wọn ṣe àìsàn, àmù gbẹ nìyẹn.

Ojú ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe mítà tó ń wọn iná. Yí kọ́kọ́rọ́ láìjí ẹ́ńjìnì, iná pupa tó ní àwòrán bátìrì gbọ́dọ̀ tàn, tí kò bá tàn rárá ẹ má yọ̀, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, ojú gílóòbù yẹn ni iná tó ń jí alternator ń gbà kọjá, gílóòbù jó, alternator ń sùn. Tó bá wá ń tàn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti jí, iná ò wọlé. Fánbẹ́ẹ̀tì tó ń ké fíìn nígbà tí òjò bá rọ̀ ti dẹ̀ tàbí ó ti gbó. Orí bátìrì tó hu ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́, ẹ dì í le. Owó omi gbígbóná ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ owó bátìrì.

Mítà ló kàn. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi mọ́jú máa ń ka bíi 12.6 volt, 12.4 ṣì dáa, tó bá ti ń kà sí 12.0 àmù ti fẹ́ẹ̀ gbẹ. Jí ẹ́ńjìnì, ó yẹ kó gòkè sí bíi 13.8 sí 14.5. Tó bá dúró sí 12 point nǹkan tó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, alternator ò fún un ní nǹkankan. Tó bá kọjá 15, regulator ti ya wèrè, bátìrì á máa hó, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, gílóòbù á máa jó léraléra. Ẹ wá tan iná iwájú, wáípà àti fáànù pọ̀, torí alẹ́ òjò ni àrùn yìí máa ń yọjú jù, kò yẹ kó já sísàlẹ̀ 13.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ríwáyà ti ń ṣìnà rèé: alternator ń ṣiṣẹ́, iná ò dé bátìrì. Kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí iná iwájú wà ní títàn, fi ẹnu mítà kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì, fi ìkejì sí ìdí wáyà ńlá tó jáde lẹ́yìn alternator. Ohun tó bá kà ni iná tó ń ṣègbé lójú ọ̀nà, tó bá ti ju 0.2 sí 0.3 lọ, wáyà ti jẹrà tàbí fíúsì ńlá ti ń yọ́. Ṣe bákan náà láàárín nẹ́gétíìfù àti ara alternator. Amọ̀ pupa àti omi ọ̀nà oko máa ń jẹ wáyà ẹ́ẹ̀tì (ti nẹ́gétíìfù) abẹ́ ẹ́ńjìnì wọ̀nyẹn láìsí ẹni tó mọ̀.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni àwọn tó máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, "tí kò bá kú, alternator dáa". Àṣà ayé dáínámò, tí mọ́tò ń lò kí alternator tó dé, nìyẹn. Bátìrì ló ń gba iná tó bá ta jù mì, wọ́n bá yọ ọ́ lójijì, iná á fò sókè, diode lè jó, brain box (kọ̀ǹpútà mọ́tò) lè bá a lọ, ìyẹn sì wọ́n ju bátìrì lọ fíìfíì.

Àwọn Hilux dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ míì tún ní pọ́ǹpù tó ń fún búréèkì ní agbára lẹ́yìn alternator wọn. Tí ọ́ìlì bá ń jò láti ibẹ̀, á wọnú bọ́rọ́ọ̀ṣì, iná á dín kù. Bẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí méjèèjì, ẹni tí bẹ́ẹ̀tì já mọ́ lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹrù iṣu á rí i pé búréèkì ti le bí òkúta.

Tí gbogbo èyí bá pé tí bátìrì ṣì ń kú mọ́jú, ẹ fọwọ́ kan alternator láàárọ̀ kí ẹ tó jí mọ́tò. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, diode ti ń jẹ iná ní gbogbo òru. Tó bá tutù, alámù tàbí rédíò ló ń jí i mu, mítà tí wọ́n bá sọ sáàárín nẹ́gétíìfù àti wáyà ẹ̀ kò yẹ kó ju bíi 50 milliamp lọ nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti kú. Ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá mú un wálẹ̀ ni ọ̀nà olè.