Bí wọ́n ṣe ń di òṣèré fíìmù láyé Soviet: ẹ wo Lyudmila Gurchenko

Láyé Soviet (USSR), ìyẹn orílẹ̀-èdè ńlá tí Moscow jẹ́ olú ìlú ẹ̀ kó tó tú ká ní 1991, kò sí pé olówó kan á kó owó sílẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe fíìmù o. Gọ́mẹ́ńtì ló ni sitúdíò fíìmù Mosfilm ní Moscow, òun ló ni sitúdíò Lenfilm, òun náà ló ń sanwó òṣèré, òun ló tún ni ilé sinimá tí wọ́n ti máa wò ó. Tí gọ́mẹ́ńtì bá ti kọ̀yìn sí òṣèré, kò síbòmíì tó fẹ́ sá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á lọ kọ́ṣẹ́ ní VGIK, iléèwé fíìmù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Moscow ní 1919. Ibẹ̀ ni òṣèrébìnrin Gurchenko, ọmọ Kharkiv ní Ukraine tí wọ́n bí ní 1935, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dírẹ́kítọ̀ Sergei Gerasimov àti ìyàwó ẹ̀ Tamara Makarova. Tí òṣèré bá wá wu dírẹ́kítọ̀, kò lè dá a mú, wọ́n á kọ́kọ́ fi kámẹ́rà dán an wò, ìgbìmọ̀ sitúdíò á jókòó wo ohun tí kámẹ́rà yà yẹn, wọ́n lè ní rárá, ọ̀rọ̀ sì ti tán nìyẹn.

Gurchenko ò tíì jáde níléèwé tí dírẹ́kítọ̀ Eldar Ryazanov fi mú un fún fíìmù ọdún tuntun kan ní 1956, ó kọrin níbẹ̀, ó jó, tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní mílíọ̀nù 45 ni wọ́n tà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àmọ́ owó ńkọ́? Ibi tó dunni jù nìyí. Iye tí gọ́mẹ́ńtì ti là sílẹ̀ fún ipò òṣèré ni wọ́n ń san, bí fíìmù ṣe tà ò kàn án. Ló bá ń lọ kọrin níbi kọ́ńsáàtì káàkiri kó lè rówó jẹun, ìwé ìròyìn sì bọ́ sí i lára ní 1957 pé owó abẹ́lẹ̀ tí gọ́mẹ́ńtì ò fọwọ́ sí ló ń gbà níbi kọ́ńsáàtì. Báyìí ni ipa gidi ṣe wọ́n ọn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tí gbogbo ìlú ń kọrin ẹ̀.

Lẹ́yìn 1970 ni wọ́n tó fún un ní ipa ọ̀gá iléeṣẹ́ ìhunṣọ, ipa tó le, kì í ṣe ti orin àti ijó tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó gba ẹ̀bùn ìjọba ní 1976. Ryazanov tún pè é padà, ó ṣe obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ ibùdókọ̀ rélùwéè, àwọn èèyàn sunkún. Ní 1983, wọ́n fi í joyè Òṣèré Aráàlú ti USSR, oyè tó ga jù fún òṣèré, ọwọ́ gọ́mẹ́ńtì yẹn náà ló ti wá.