Kárià Tó Le Kò Sọ Pé Òrùlé Ọkọ̀ Le

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta kárià, ìyẹn irin tí wọ́n ń dè mọ́ orí ọkọ̀ láti fi gbé ẹrù, lẹ́nu wẹ́dà, lẹ́nu awakọ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá: "Kárià yìí le dáadáa, 100 kílò ló ń gbé. Ẹ sáà máa di ẹrù lé e." Ìdajì àkọ́kọ́ lè jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì ni kò tọ̀nà. Kárià kì í dúró lójú òfurufú, orí ọkọ̀ ló gúnlẹ̀ sí. Ohun tí orí ọkọ̀ kékeré lè gbà sì kéré gan-an sí ohun tí irin kárià lè gbé.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bóyá ẹrù àpọ̀jù lórí ọkọ̀ léwu. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí ti rí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n to iṣu sí lórí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà ka ẹrù àpọ̀jù sí ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ ni bí àwọn èèyàn ṣe ń mú nọ́ńbà kan rọ́pò òmíràn, tí wọ́n á sì máa fi ọkàn balẹ̀ rìn.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń kọ iye tí òrùlé rẹ̀ lè gbé sínú ìwé tó ń bá ọkọ̀ wá. Ti Volkswagen Golf, 75 kílò ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré mìíràn wà láàárín 50 sí 75. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ìwé wọn sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan kan sí wọn lórí. Kárià fúnra rẹ̀ wà nínú iye yẹn o, àti okùn, àti tapólì tí ẹ fi bò ó. Kárià onírin tí wẹ́dà jó fúnra rẹ̀ lè wúwo tó 15 tàbí 20 kílò kí ẹ tó gbé ẹyọ iṣu kan lé e. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 75, ó ku 55. Àpò ìrẹsì ńlá kan jẹ́ 50 kílò, àpò sìmẹ́ǹtì náà 50. Ìyẹn ni pé àpò kan ṣoṣo àti ẹrù wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni Golf lè gbé sórí. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò ju 50 lọ ni, àpò kan ṣoṣo náà ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, ẹni tó ta kárià ti sọ pé 100, 100 yẹn ló sì máa ń dúró lọ́kàn ẹni tó rà á.

Mo rò pé mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ayé Peugeot 504 ló ti wá. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, oní-búùtù-gígùn rẹ̀ ló sì kó èèyàn àti ẹrù kiri orílẹ̀-èdè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.9, ti Golf 3 àti Golf 4 kò ju nǹkan bíi mítà 2.5 lọ. Wọ́n dìídì ṣe ẹ̀yìn 504 yẹn fún ẹrù ni. Ohun tí àwọn èèyàn sì gbàgbé jù ni pé 504 ní gọ́tà, ìyẹn etí irin tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, tí omi òjò ń gbà ṣàn. Etí yẹn wà níbi tí òrùlé ti pàdé ara ọkọ̀, lórí àwọn òpó gan-an. Kárià lè ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó gán gọ́tà náà mú láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ìwúwo ẹrù sì gba àwọn òpó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ kékeré òde òní kò ní gọ́tà. Ẹsẹ̀ kárià rẹ̀ kì í sábà ju mẹ́rin lọ. Rọ́bà tó wà nídìí ẹsẹ̀ náà jókòó sórí páànù òrùlé tó fẹ́lẹ́, nígbà tí ìkọ́ rẹ̀ fi etí ojú ilẹ̀kùn há. Ẹni tó bá fi ojú 504 wo ọkọ̀ kékeré bíi Nissan Micra kò fi ojú tó yẹ wò ó.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í bá ìwé wọn dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹrù tí ọkọ̀ òun lè gbé á ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, á wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìwé yẹn máa ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú táyà, ó sì tún ní ìlà kan tó sọ pé àpapọ̀ ìwúwo èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí báyìí lọ. Ká ní 385 kílò ló wà lára tiyín. Wọ́n á ní: "Ẹ ò rí i? Ó lé ní 300! Kí ni 100 kílò já mọ́ lórí rẹ̀?"

Iye yẹn kì í ṣe ti òrùlé. Gbogbo ohun tó bá wọ ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀, èrò, ọmọ tí wọ́n gbé lé ẹsẹ̀, ẹrù inú búùtù, kárià, àti ẹrù orí kárià. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbà márùn-ún wà nínú ọkọ̀, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 70 kílò. Ó ti di 350. Ó ku 35. 35 kílò yẹn náà ni ẹ máa pín láàárín búùtù àti orí ọkọ̀, kárià sì ti jẹ 20 nínú rẹ̀. Kódà bí ìwé bá sọ pé òrùlé lè gbé 75, lọ́jọ́ tí èrò bá kún inú ọkọ̀, òrùlé kò ní 75 tó lè gbé mọ́. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa oní-lítà 25 kan ṣoṣo sún mọ́ kílò 24, ó sì ti ju ohun tó kù lọ. Kò sẹ́ni tí mo ṣe ìṣirò yìí fún tó jàre rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ṣì di ẹrù wọn lé orí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń dì í tẹ́lẹ̀, èyí ló sì ń dùn mí.

Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà: ti kárià, ti òrùlé, àti ohun tó ṣẹ́kù nínú ìwúwo tí gbogbo ọkọ̀ lè rù. Èyí tó bá kéré jù nínú wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ti kárià kì í sábà jẹ́ èyí tó kéré jù, òun ni wọ́n sì kọ gàdàgbà gàdàgbà sára páálí.

Àwọn kan á ní èèyàn máa ń dìde dúró sórí ọkọ̀, òrùlé rẹ̀ kì í sì wọlé. Ọkọ̀ tó dúró ni wọ́n ń sọ. Tí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹrù kì í dúró jẹ́ẹ́. Táyà á já sínú kòtò, á sì gbéra padà. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ẹrù 60 kílò lè tẹ òrùlé bí ẹni pé 120 ni. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì pa lójijì lójú ọ̀dà gbígbẹ, ẹrù kan náà á fa ẹsẹ̀ kárià síwájú pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ ìwúwo 50 kílò. Ní kọ́nà ńkọ́? Ká ní ọkọ̀ jẹ́ 1,000 kílò, tí ẹ sì di àpò ìrẹsì mẹ́ta sí i lórí. Ibi tí ìwúwo gbogbo ọkọ̀ náà kó jọ sí á gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13. Ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé ní kọ́nà nìyẹn.

Àwọn mìíràn kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sọ pé òfin Amẹ́ríkà ní kí òrùlé ọkọ̀ kékeré lè gba ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ọkọ̀ náà, torí ìjàǹbá tí ọkọ̀ ti ń dojú dé. Òótọ́ ni òfin náà, 2009 ni wọ́n sì gbé e sókè láti ìlọ́po kan àbọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán an wò: wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ òrùlé díẹ̀díẹ̀, bí kò bá sì tíì wọlé ju mílímítà 127 lọ kí ó tó gba ìlọ́po mẹ́ta yẹn, ó yege. Òrùlé tó ti wọlé tó ọwọ́ yìí ló yege! Wọ́n ń wá bí ẹ̀mí èèyàn ṣe máa yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn èyí tí ọkọ̀ á di pàǹtí. Kò kan ẹrù tí ẹ máa gbé lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ Golf àti Micra tó wà ní títì wa ti jáde kí wọ́n tó ṣe òfin yẹn.

Ẹ má sì rò pé ẹrù tó fúyẹ́ kò ní wàhálà. Fóòmù tó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó sì fẹ̀ ní mẹ́rin, kò wúwo rárá, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ níwájú nígbà tí ọkọ̀ ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tó ń tì í sókè lè tó 90 sí 100 kílò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dúró gbọin láàárín ìgboro fi ń fò kúrò lórí ọkọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Ní ti yíyan kárià, ẹ wo òrùlé yín kí ẹ tó wo ọjà. Bó bá ní gọ́tà, bó bá ní irin gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tàbí bó bá jẹ́ pé ihò síkúrúù ni ilé iṣẹ́ fi pa mọ́ sábẹ́ ìdérí kékeré, kárià tó bá ìyẹn mu ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ní ó bá gbogbo ọkọ̀ mu kì í sábà bá ọ̀kan kan mu dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà lu òrùlé, tàbí kí ó jó irin mọ́ ọn. Iná wẹ́dà á jó ọ̀dà tó ń dáàbò bo páànù náà, omi á wọ ibẹ̀, ìpẹtà á tẹ̀ lé e, ibi tí ẹ fẹ́ kó le jù lọ ló sì máa kọ́kọ́ jẹrà.

Mi ò sọ pé Micra tó gbé àpò méjì láti Bódìjà dé Òjóò máa dojú dé. Ó ṣeé ṣe kó máa lọ, kó máa bọ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kì í fi iye tí wọ́n kọ sí etí ibi tí nǹkan ti máa já gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ṣírò fún. Ọkọ̀ tó ti lo 20 ọdún, tí páńẹ́ẹ̀bítà ti tún òpó rẹ̀ ṣe rí, ta ló mọ èyí tó kù nínú àlàfo yẹn?

Tí ẹ bá ti di ẹrù tán, ẹ dúró lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀, kí ẹ tún nọ́ọ̀tì àti okùn fún. Ẹ di iwájú ẹrù gígùn mọ́ ara ọkọ̀ níwájú, kì í ṣe mọ́ kárià nìkan. Nígbà tí ẹ bá tú ẹrù sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ pa ibi tí ẹsẹ̀ kárià jókòó sí, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí páànù bá ti wọlé níbẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn kan kò pa dé wọ́ọ́rọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ẹ tú kárià náà kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ wá ọkọ̀ akẹ́rù fún ẹrù tó kù.