Ta Ló Ṣílẹ̀kùn? Bí Àwọn Fáṣíìsì Ṣe Dórí Àléfà ní Yúróòpù

Ọkọ̀ ojú irin ni Mussolini, olórí àwọn Fáṣíìsì, wọ̀ lọ gba ìjọba Ítálì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú, ló wà nínú òjò lẹ́yìn ìlú Róòmù ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1922, tí aṣọ tutù mọ́ wọn lára, tí oúnjẹ ò tó, tí ìbọn ò sì kárí. Ọ̀gá wọn ò sí láàárín wọn. Mílánì ló jókòó sí, níbi tí kò jìnnà sí ẹnubodè Switzerland bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Ìgbà tí ọba Ítálì ránṣẹ́ pè é pé kó wá ṣe olórí ìjọba ló tó wọkọ̀ alẹ́. Ó sùn nínú rẹ̀, ó sì balẹ̀ sí Róòmù láàárọ̀ ọjọ́ 30. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé tagbáratagbára ni wọ́n fi gba ìlú.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa nípa àwọn apàṣẹwàá wọ̀nyí, aláǹgbá ni wọ́n ń wò ṣáá: bó ṣe ń pariwo, bó ṣe ń gbọ́wọ́ sókè, irú aṣọ tó wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ṣẹlẹ̀, kó yẹ ògiri wò dáadáa.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló kọ́kọ́ la ògiri yẹn. Ítálì wà lára àwọn tó borí, síbẹ̀ ọmọ ogun tó ń lọ sí 600,000 ló bá ogun náà lọ. Àwọn tó padà wálé bá owó tí kò ra nǹkan kan mọ́, iṣẹ́ ò sì sí. Lọ́wọ́ kejì, àwọn Kọ́múníìsì ti gbàjọba ní Rọ́ṣíà ní 1917, ọkàn gbogbo ẹni tó nílẹ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù ò sì balẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gba ilé-iṣẹ́ mọ́ àwọn ọ̀gá wọn lọ́wọ́ ní Turin àti Mílánì ní oṣù kẹsàn-án 1920, ẹ̀rù náà di ìpayà.

Mussolini ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Mílánì láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta 1919. Fascio tí wọ́n ti fa orúkọ Fáṣíìsì yọ, ìdì tàbí ìdìpọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdì igi tí a so mọ́ àáké ni àmì wọn, àmì àṣẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Nínú ìbò ọdún náà, wọn ò mú ìjókòó kan ṣoṣo. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni, ibẹ̀ ni ìtàn wọn ì bá parí sí. Owó ló gbé wọn dìde, àwọn onílẹ̀ ńláńlá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po ló sì wà lára àwọn tó kó o sílẹ̀.

Ní agbègbè bíi Ferrara àti Bologna, àwọn alágbàṣe oko ti ní ẹgbẹ́ tó lágbára. Ẹgbẹ́ náà ló ń sọ iye tí onílẹ̀ máa san àti iye ènìyàn tó máa gbà síṣẹ́. Onílẹ̀ ò lè fi ìbò borí wọn, nítorí alágbàṣe pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ló bá ń náwó sórí àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú. Lóru, ọkọ̀ akẹ́rù á kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti ìgboro lọ sí abúlé. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á wọ́ ọ jáde lójú ìyàwó àtọmọ, wọ́n á fi kùmọ̀ lù ú. Nígbà mìíràn wọ́n á di ihò imú rẹ̀, wọ́n á da epo lárà sí i lọ́fun títí tí yóò fi ṣe é sára níwájú àwọn aládùúgbò. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á dáná sun ilé ẹgbẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù. Ìwà ìkà tí wọ́n fara balẹ̀ rò ni. Ẹni tí wọ́n bá pa lè di akọni lẹ́nu ará ìlú, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá dójú tì bẹ́ẹ̀, ó ṣòro fún un láti tún dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wòran. Àwọn bárékè kan tilẹ̀ yá wọn lọ́kọ̀ àti ìbọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbà kí àwọn tọ́ọ̀gì lu ẹnì kan kí wọ́n sì mú un jẹ, gbogbo abúlé ti mọ ẹni tó ń ṣàkóso gan-an. Èyí tó sì burú jù ni pé àwọn tó dá ìlú rú náà ló wá ń sọ fún oníṣòwò àti olùkọ́ pé àwọn nìkan ló lè mú kí ìlú tòrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà wọ́n gbọ́.

Giolitti, àgbà òṣèlú tó ń ṣolórí ìjọba nígbà náà, rò pé òun lè lo wọ́n láti fi rẹ àwọn Sósálíìsì sílẹ̀. Ó kó wọn mọ́ àwọn tirẹ̀ nínú ìbò 1921, wọ́n sì mú ìjókòó 35. Ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejì ni ti ọba. Ní àárọ̀ ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1922, Facta tó jẹ́ olórí ìjọba ti múra ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí àwọn ológun lé àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú padà sílé. Ìbuwọ́lù ọba ló kù. Ọba Victor Emmanuel Kẹta kọ̀, kò buwọ́ lù ú.

Kódà nígbà yẹn, Mussolini ò tíì di apàṣẹwàá. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn wà nínú ìjọba rẹ̀, ìwé ìròyìn ń bú u, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jókòó. Òfin ló fi ń tú ilé náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1923, wọ́n ṣòfin pé ẹgbẹ́ tó bá léwájú nínú ìbò, bí ìbò rẹ̀ bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́rin, yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjókòó. Àwọn aṣòfin tí òfin náà máa lé kúrò gan-an wà lára àwọn tó dìbò fún un. Lẹ́yìn ìbò 1924 tí kùmọ̀ ti ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, aṣòfin Sósálíìsì kan, Giacomo Matteotti, dìde nílé ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, ó ń ka ìwà jàǹdùkú àti màgòmágó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pariwo lé e lórí. Nígbà tó jókòó, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti sọ tòun, kí wọ́n máa múra ọ̀rọ̀ ìsìnkú òun sílẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jí i gbé létí odò Tiber ní Róòmù, wọ́n ti í mọ́nú ọkọ̀. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú igbó.

Orí ìjọba mì jìgìjìgì lóṣù mélòó kan yẹn. Àwọn aṣòfin alátakò fìbínú kúrò nílé ìgbìmọ̀, wọ́n ń retí kí ọba lé Mussolini dànù. Ọba ò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1925, Mussolini jáde sọ níwájú ilé pé ọrùn òun ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó mú un. Nígbà tí 1926 fi máa parí, ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ò sí mọ́, ìlú ò sì dìbò yan olórí ìbílẹ̀ rẹ̀ mọ́, Róòmù ló ń yàn án.

Ti Jámánì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi gbogbo ẹ̀ sórí ọdún 1923, nígbà tí búrẹ́dì kan di nǹkan bíi bílíọ̀nù 200 máàkì, tí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú owó sí báńkì ò lè fi ra sítáǹbù. Lóòótọ́, oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Hitler, olórí ẹgbẹ́ Nàsì, gbìyànjú àtigbàjọba ní Munich. Àmọ́ ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, ó dẹ́wọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ tó ṣàánú rẹ̀ jẹ́ kó lò ó bí oṣù mẹ́sàn-án péré nínú ọdún márùn-ún. Ní 1928, ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló rí. Ebi kejì ló gbé e sókè, èyí tó dé lẹ́yìn tí ọjà owó Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929. Ó di ìdá 18.3 ní 1930, ó sì di 37.3 ní oṣù keje 1932, ọdún tí àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ tó mílíọ̀nù 6.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlàyé ń fò dá, lójú tèmi òun sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Kí Hitler tó dé rárá, àwọn ará Jámánì ti bọ́ sábẹ́ àṣẹ ẹnì kan. Abala 48 nínú òfin wọn fún Ààrẹ lágbára láti pàṣẹ bí ìlú bá wà nínú ewu. Láti 1930 ni Hindenburg, ọ̀gágun àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ti ń fi abala yìí ṣèjọba lórí ilé ìgbìmọ̀ tí kò lè fohùn ṣọ̀kan. Oògùn ìgbà àìsàn ti di oúnjẹ òòjọ́.

Ní oṣù kọkànlá 1932, ìbò Hitler já wá sí ìdá 33.1. Ó pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 olùdìbò láàárín oṣù mẹ́rin, àpò ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti gbẹ. Ẹni tó ń ṣubú lọ ni wọ́n fà dìde. Franz von Papen, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò olórí ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, tí inú sì ń bí i sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀, pàdé Hitler nílé oníbáńkì kan ní Cologne ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1933. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti dì í láàárín ara wọn: Hitler á ṣolórí, Papen á ṣe igbákejì. Mẹ́ta péré ni Nàsì tó wà nínú ìjọba tí wọ́n búra fún ní ọjọ́ 30 oṣù náà, Hitler fúnra rẹ̀ sì wà nínú mẹ́ta ọ̀hún. Papen ń fọ́nnu pé ńṣe làwọn gbà á síṣẹ́.

Ọjọ́ 52 ló gba Hitler láti di apàṣẹwàá. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kejì, iná sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin; lọ́jọ́ kejì, Hindenburg fi Abala 48 yẹn kan náà pàṣẹ tó gba ẹ̀tọ́ ará ìlú kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń kó àwọn Kọ́múníìsì sẹ́wọ̀n. Nínú ìbò oṣù kẹta, pẹ̀lú gbogbo ìdẹ́rùbà, ìdá 43.9 ni wọ́n rí, kò tó ìdajì. Ní ọjọ́ 23, àwọn aṣòfin jókòó ní gbọ̀ngàn eré Kroll ní Berlin láti dìbò lórí òfin tí yóò jẹ́ kí ìjọba máa ṣòfin láìsí wọn. Àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀, àwọn tọ́ọ̀gì Nàsì, dúró ti ògiri nínú gbọ̀ngàn náà. Aṣòfin Kọ́múníìsì 81 ò sí níjòókòó, wọ́n wà látìmọ́lé tàbí níbi ìsásí. Otto Wels ti ẹgbẹ́ Sósálíìsì nìkan ló dìde ta kò ó: ó ní wọ́n lè gba òmìnira àti ẹ̀mí àwọn, wọn ò lè gba iyì àwọn. 94 ni gbogbo àwọn tó dìbò ta kò ó. 444 dìbò fún Hitler, ẹgbẹ́ àwọn Kátólíìkì sì wà lára wọn.

Nítorí pé òǹtẹ̀ òfin wà lórí ìwé náà, akọ̀wé ìjọba ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, adájọ́ ń dájọ́ lọ. Nígbà tí Hindenburg kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1934, àwọn ọmọ ogun búra lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn ò fi orílẹ̀-èdè búra mọ́, orúkọ Hitler ni wọ́n dá.

Kì í ṣe gbogbo apàṣẹwàá ìgbà náà ni fáṣíìsì. Piłsudski ní Poland, Salazar ní Pọtogí, ọba Yugoslavia, ńṣe ni wọ́n fẹ́ kí ará ìlú jókòó sílé kí wọ́n dákẹ́. Fáṣíìsì ń fẹ́ èrò lójú títì ní tiẹ̀, kí tọmọdé tàgbà wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ní Sípéènì, àwọn ọ̀gágun tó ṣọ̀tẹ̀ ní oṣù keje 1936 ò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún wọn nínú ìjọba tí ìlú dìbò yàn, ó sì gba Franco, olórí wọn, ní ọdún mẹ́ta ó dín díẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú Jámánì àti ọmọ ogun Ítálì, kó tó fọ́ ilẹ̀kùn náà wọlé.

Ìlẹ̀kùn yìí ṣí síta pẹ̀lú. Nígbà tí Mussolini kọlu Ethiópíà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1935, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè fìyà jẹ ẹ́ lórí ọjà, ṣùgbọ́n wọn ò ka epo rọ̀bì mọ́ ọn, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sì ń gba Suez kọjá fàlàlà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, kígbe tako ogun náà. Addis Ababa ṣubú ní oṣù karùn-ún 1936. Ní 1941, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà wà lára àwọn tó lé Ítálì kúrò ní Mogadishu àti Harar.

Ibòmíràn wà tí ògiri ò ti lanu. Ní Finland, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lapua, tó fara jọ fáṣíìsì, gbé ìbọn jọ sí Mäntsälä ní 1932. Ààrẹ Svinhufvud kórìíra Kọ́múníìsì bíi tiwọn, wọ́n sì wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn dé ipò. Ó bọ́ sórí rédíò, ó ní kí wọ́n padà sílé wọn, wọ́n sì padà. Ní Bẹ́ljíọ̀m, ẹgbẹ́ Rex ti Léon Degrelle, tó fara jọ fáṣíìsì bákan náà, mú ìjókòó 21 ní 1936. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó jáde dupò nínú ìbò àtúndì kan ní Brussels kí ó lè fi agbára rẹ̀ han ìlú. Olórí ìjọba, Paul van Zeeland, ló jáde sí i. Àwọn Kátólíìkì, Sósálíìsì, Líbẹ́rà, títí kan Kọ́múníìsì, kò fa ẹlòmíràn kalẹ̀. Kádínà ilẹ̀ náà sì jáde sọ pé Degrelle kì í ṣe ẹni tí Kátólíìkì rere ń dìbò fún. Van Zeeland rí nǹkan bí ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún, Degrelle rí 19. Nígbà tí ìbò gbogbogbòò 1939 dé, ìjókòó 4 ló kù fún Rex.