Abọ́ kì í ṣe ife ẹ̀yẹ: bí Rose Bowl ṣe ń pe àlejò

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti fojú rí Rose Bowl láì mọ̀ pé òun ni. Ní oṣù Keje ọdún 1994, Roberto Baggio, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Super Eagles tó fi dá wọn padà sílé, gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní ìlú Pasadena ní California, ó gbá pẹnárítì gba orí òpó kọjá, Brazil sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Pápá yẹn ni. Ṣùgbọ́n àlejò ni bọ́ọ̀lù tiwa níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí ikọ̀ fásitì méjì máa ń fi í figa gbága níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún. Òfin eré náà gùn, kò sì pọn dandan níbí. Ètò tó gbé e ró ló tó wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a kọ́kọ́ tú, torí àṣìlóye rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwa tí a mọ FA Cup, bí a bá ti gbọ́ "bowl", ọkàn wa á sáré lọ sí ife. A ó rò pé abọ́ fàdákà kan wà níbì kan tí gbogbo fásitì ń du, pé ẹni tó bá gbà á ló jẹ ọba lórí gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abọ́ tí wọ́n ń wí ni pápá ìṣeré fúnra rẹ̀. Fásitì Yale ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní ọdún 1914: wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tó jáde yí kòtò náà ká, wọ́n sì to ìjókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á rí abọ́ ńlá kan tó jókòó sílẹ̀, tí èrò kún ara rẹ̀ yíká, tí eré ń lọ ní ìsàlẹ̀. Myron Hunt, ayàwòrán ilé, ṣe àfarawé rẹ̀ nínú àfonífojì Arroyo Seco ní Pasadena. Ìlú tí òdòdó róòsì ti lókìkí ni, wọ́n bá pè é ní abọ́ róòsì. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi fi orúkọ irè oko tiwọn ṣe bẹ́ẹ̀: Miami mú ọsàn, New Orleans mú ṣúgà, Dallas mú òwú. Báyìí ni orúkọ pápá ṣe di orúkọ eré. Àwọn "abọ́" tó wà lónìí tó nǹkan bí ogójì.

Bí kì í bá ṣe ìdíje ife, kí wá ni? Òde ìnáwó ni. Ní ọdún 1890, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Valley Hunt Club wò ó pé yìnyín ti bo New York mọ́lẹ̀ nígbà tí òdòdó ń tanná ní Pasadena, tí ọsàn sì ń so. Wọ́n fi òdòdó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n yí ìlú ká ní ọjọ́ ọdún tuntun kí aráyé lè rí i. Olóde tó gbọ́n ni wọ́n: oòrùn tí Ọlọ́run fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi pe èrò.

Ọdún 1902 ni bọ́ọ̀lù tó wọ inú ètò náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Michigan kó wá kojú Stanford. Michigan lù wọ́n ní àlùbolẹ̀, 49 sí òdo. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí eré parí, Stanford bẹ̀bẹ̀ pé ó tó. Olóde wo ló ń fẹ́ irú ẹ̀ lójú àlejò? Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù tì títí di ọdún 1916. Ìje kẹ̀kẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti ìje ògòngò. Nígbà kan wọ́n tilẹ̀ mú erin àti ràkúnmí sáré, erin ló yege. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà, Brown wá, ó mú Fritz Pollard dání, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní òde yìí. Washington State borí wọn, 14 sí òdo.

Ọjọ́ kìíní ọdún 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nínú abọ́ tuntun. Penn State ni àlejò, USC, ìyẹn fásitì Southern California, ni onílé. Àlejò há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí ìyíde òdòdó fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, èrò jókòó, wọ́n ń retí. Nígbà tí wọ́n dé, akọ́nimọ̀ọ́gbá USC ti bínú débi pé òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Ilẹ̀ ṣú mọ́ eré lórí. Àwọn akọ̀ròyìn ń ṣá ìṣáná níkọ̀ọ̀kan láti rí ohun tí wọ́n ń kọ. USC jáwé olúborí, 14 sí 3.

Gbogbo ohun tí òde ń ní ni òde yìí ní. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, kóòtù àti ṣòkòtò funfun ni gbogbo wọn sì ń wọ̀. Ẹgbẹ́jọdá gidi ni. Ọkọ̀ tó bá máa bá wọn yíde, gbogbo ara rẹ̀ tó hàn síta gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó hù láti ilẹ̀: òdòdó, ewé, irúgbìn, èèpo igi. Èèwọ̀ tiẹ̀ wà. Láti ọdún 1893, wọn kì í ṣe é lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọjọ́ kìíní ọdún bá bọ́ sí Àìkú, wọ́n á sún un sí ọjọ́ kejì. Ìdí ni pé àwọn tó lọ jọ́sìn máa ń so ẹṣin sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, olóde kò sì fẹ́ kí ariwo rẹ̀ dẹ́rù ba ẹṣin ẹlẹ́ṣin.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yan àlejò ni adùn ètò náà. Nínú ìdíje ife, ẹsẹ̀ ẹni ló ń gbéni dé àṣekágbá. Lóde, ìwé ìpè ni. Láyé àtijọ́, ikọ̀ kan láti ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú, òun ni yóò sì pe ẹni tó bá wù ú láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àdéhùn dé: láti ọdún 1947, fásitì kan nínú ẹgbẹ́ Big Ten ti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti fásitì kan nínú ẹgbẹ́ etíkun Pacific ni yóò máa pàdé. Ó wá dà bí ìdílé méjì tó di àna ara wọn. Lọ́dọọdún, ìdílé kọ̀ọ̀kan á fa ọmọ kan kalẹ̀, wọ́n á sì pàdé lábẹ́ oòrùn Pasadena.

Ìdílé sì ní òfin ilé. Ti Big Ten le. Ọmọ tó lọ lọ́dún yìí kò gbọdọ̀ lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí àwọn yòókù náà lè rí Pasadena. Ní ọdún 1966, kò sẹ́ni tó na Michigan State, ṣùgbọ́n ó ti lọ lọ́dún tó ṣáájú, ló bá jókòó sílé. Purdue ló lọ, ó sì fi ayò kan ṣoṣo borí USC, 14 sí 13. Òfin kejì ló burú jù: ọmọ Big Ten tí kò bá lọ sí Rose Bowl kò gbọdọ̀ lọ sí òde ẹlòmíràn. Wọn kò yí i padà títí di ọdún 1975.

Àlejò lè kọ ìpè. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, tí àdéhùn ti parí lórí ìwé, àyè ṣí sílẹ̀ fún Ohio State. Àwọn olùkọ́ fásitì náà jókòó, wọ́n dìbò: 28 ní àwọn kò lọ, 25 ní kí wọ́n lọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bọ́ọ̀lù fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ mì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sí ìgboro Columbus, wọ́n pariwo títí, ìbò kò yí padà. Minnesota tó ṣe ipò kejì ló lọ, ó sì na UCLA, 21 sí 3.

Èyí tó ṣì ń dun àwọn ará Michigan ni ti ọdún 1973. Michigan àti Ohio State pàdé ní ọjọ́ ìkẹyìn, kò sí èyí tí wọ́n tíì nà nínú wọn, wọ́n sì gbá ọ̀mì, 10 sí 10. Ta ni yóò lọ? Àwọn adarí eré ìdárayá ní ilé ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dìbò, mẹ́fà mú Ohio State, mẹ́rin mú Michigan. Egungun èjìká Dennis Franklin, tó ń darí eré fún Michigan, ti kán nínú ìdíje yẹn, ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló fa ìbò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò nà ṣe kó bàtà sílẹ̀ fún ọdún yẹn. Ìrẹ́jẹ ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó. Síbẹ̀, ẹ wo bí ìpè náà ti níyì tó, tí àwọn àgbààgbà fi ń jókòó dìbò lé e lórí, tí ìgboro fi ń dàrú nítorí rẹ̀.

Ìyẹn kò sì sọ pé ẹni tó borí ní Pasadena ló gba adé. Láti ọdún 1936, ìbò àwọn akọ̀ròyìn ni ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi ń mú ẹni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kí òde tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń ka ìbò ìkẹyìn. Minnesota gba adé ti ọdún 1960, ó dé Rose Bowl, Washington nà án, 17 sí 7. Adé kò ṣí lórí rẹ̀. Ọdún 1968 ni kíka ìbò lẹ́yìn òde tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń pe abọ́ ní ife, kí ó wá ṣàlàyé ti Minnesota.

Owó tẹlifíṣọ̀n àti ìfẹ́ láti mọ aṣáájú kan ṣoṣo ló tú ìdílé náà ká. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, fásitì Miami àti ti Nebraska ni wọ́n mú wá láti du adé, kò sì sí ọmọ ìdílé méjèèjì nínú wọn. Nígbà tó di ọdún 2024, mẹ́wàá nínú àwọn méjìlá tó wà ní ẹgbẹ́ Pacific ti kó jáde, wọ́n sì sọ ìdíje adé di ti ikọ̀ méjìlá. Rose Bowl wá di àtẹ̀gùn lára àkàbà ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025, Ohio State na Oregon níbẹ̀, 41 sí 21. Big Ten ni àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti pàdé ní oṣù Kẹwàá. Àna ti di ọmọ ìyá. Ohio State kò ráyè gbóòórùn òdòdó rárá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kó kojú Texas. Ètò tuntun bá òdodo mu ju ti àtijọ́ lọ, nítorí Michigan ti 1973 ì bá ráyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ilé yìí yàtọ̀ ni pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti dé ibi tó ń lọ, ìyẹn ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìdílé méjèèjì ṣe ń ṣe é ni ti ọdún 2023. Utah wá láti ẹgbẹ́ Pacific. Penn State ló wá láti Big Ten, ikọ̀ tó pẹ́ dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ṣáájú, tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn lórí. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ló borí, 35 sí 21. Ọjọ́ kejì oṣù ni wọ́n gbá a, nítorí ọjọ́ kìíní bọ́ sí Àìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń so ẹṣin sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì ní Pasadena mọ́.