Slayer ní àwọn ti fẹ̀yìn tì, kí ló tún gbé wọn padà sórí ìtàgé?

February 2024 làwọn Slayer, ẹgbẹ́ olórin heavy metal (orin rock tó le, tó ń pariwo) láti California, kéde pé àwọn ń bọ̀ wá ṣeré. Àwọn yìí kan náà ló ti dágbére ní 2019 o. Wọ́n tún ṣeré ní 2025, àwọn èèyàn ò sì yéé béèrè.

Ta ni wọ́n gan-an?
1981 ni Kerry King àti Jeff Hanneman, àwọn onígìtá, dá a sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Los Angeles. Tom Araya tó ń kọrin, Chile ni wọ́n bí i sí. Dave Lombardo tó kọ́kọ́ ń lùlù fún wọn, ọmọ Havana ni.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ fẹ̀yìn tì lóòótọ́?
Wọ́n fẹ̀yìn tì. November 30, 2019 ni wọ́n ṣeré ìdágbére, ní gbọ̀ngàn Forum, Inglewood, California.

Kí ló wá dé?
Ẹnu wọn ò kò látìbẹ̀rẹ̀. King ò fẹ́ dáwọ́ dúró, ó sì ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn tètè kúrò níbẹ̀. Araya ló ti rẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn fún un ní 2010, kò lè máa ju orí síwá sẹ́yìn bíi tàtijọ́ mọ́, ilé ló fẹ́ wà. Lójú tèmi ìrìn àjò ló sú wọn, ìlú yìí lónìí, ìlú yẹn lọ́la, fún odindi oṣù. Èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí ò jọ ìyẹn, eré mélòó kan ni lọ́dún, wọ́n á ṣe é, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọlé. Ní July 5, 2025 wọ́n wà ní Villa Park, pápá bọ́ọ̀lù ní Birmingham, níbi tí Ozzy Osbourne, olórin ẹgbẹ́ Black Sabbath, ti dágbére, Ozzy tí òun náà ti kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì ní 1992. Ó jọ pé ìdágbére kan kì í tó nídìí iṣẹ́ yìí.

Álíbọ́ọ̀mù tuntun ńkọ́?
Kò sí. 2015 ni wọ́n ṣe èyí tó gbẹ̀yìn.

Hanneman ńkọ́?
Ó ti kú ní 2013. Ẹ máa gbọ́ pé aláǹtakùn ló pa á, lóòótọ́ àrùn jẹ ẹran apá ẹ̀ ní 2011, òun fúnra ẹ̀ sì gbà pé aláǹtakùn ló bu òun jẹ, àmọ́ àìsàn ẹ̀dọ̀ látinú ọtí ló pa á. Gary Holt, onígìtá ẹgbẹ́ metal mìíràn tó ń jẹ́ Exodus, ló wà nípò ẹ̀.

Ṣé Sàtánì ni wọ́n ń sìn?
Kátólíkì ni Araya. Sàtánì ara páálí álíbọ́ọ̀mù wọn, ọjà ni. Orin tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ò tiẹ̀ kan Sàtánì: ní 1986 wọ́n kọrin nípa Josef Mengele, dókítà Nazi tó ń fi èèyàn dánra wò ní Auschwitz, ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia Records bá ní àwọn ò bá wọn pín álíbọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn, Geffen, ló padà pín in. Làwọn èèyàn bá ní Nazi ni wọ́n. Hanneman tó kọ ọ́ ní ìwé ìtàn lòun kà. Orin náà ò yin ọkùnrin yẹn, kò sì bú u, ó kàn ń to ìkà tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ ló ti rú àwọn èèyàn lójú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ọmọ mi ń gbọ́ wọn, ṣé kí n bẹ̀rù?
Etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù fún, ẹ ní kó yí fóònù ẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá a ka ọ̀rọ̀ orin náà kẹ́ ẹ tó pe pásítọ̀.

Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tún ní ìkẹyìn nìyí?
Tó bá wù yín láti rí wọn, ẹ rà á, ẹ má torí pé wọ́n ní ìkẹyìn ni rà á. Eré ìta gbangba ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹ wojú ọjọ́. Ní September 2024, ìjì Helene ò jẹ́ kí wọ́n ṣe ti Louisville ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún yín, kò sẹ́ni tó máa dá tọkọ̀ òfuurufú padà.